Àwọn Sítáǹpù Tí Bàbá Mi Fà Ya

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí n kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yìn ríro, Gbégamey ni ilé wa wà, ní Kútọnu níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá lórí alùpùpù zémìjàn lónìí kò lè dá a mọ̀ mọ́ bí mo bá júwe rẹ̀ fún yín. Iyanrìn funfun ni gbogbo ilẹ̀ nígbà náà, ó sì máa ń jó wa lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án tí a ó fi máa sáré láti abẹ́ igi kan sí abẹ́ òmíràn. Nàgó, Yorùbá ìlú Pobè, ni bàbá mi, Mùsùlùmí sì ni wá. A kò pọ̀ nílé: bàbá mi, ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àti èmi tí mo jẹ́ àbíkẹ́yìn. Àwọn tí ìyá mi bí sí àárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò dúró, nítorí náà ara ọmọkùnrin yẹn ni gbogbo ilé ń wò.

Lẹ́tà kíkọ ni iṣẹ́ bàbá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ gidi ni, òun ló sì fi bọ́ wa. Ó ní tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, lábẹ́ páànù, pẹ̀lú àga kan fún oníbàárà. Àwọn oníṣòwò tó wá láti Nàìjíríà, àwọn awakọ̀, àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà lókè òkun, gbogbo wọn ló ń wá bá a. Wọ́n á sọ tinú wọn ní Yorùbá tàbí ní Fọ̀n, bàbá mi á sì sọ ọ́ di Faransé lórí ìwé. Bí èsì bá dé, òun náà ni wọ́n ń gbé e wá fún kó kà á sí wọn létí. Ọ̀pọ̀ àṣírí ìlú yìí ló wọ inú bàbá mi tí kò jáde títí ó fi kú.

Ó ní òfin kan lórí tábìlì yẹn. Lẹ́tà tó bá ní àṣìkọ kò gbọdọ̀ kúrò níwájú rẹ̀. Ìbáà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló ṣì kọ, ní ìparí ìwé, kì í pa á rẹ́, kì í sì í kọ òmíràn lé e lórí. Fífà ya ni. Á fà á ya wẹ́wẹ́, á dà á sínú agbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì mú ìwé tuntun. Oníbàárà lè máa wo oòrùn, kó máa kùn pé ọkọ̀ òun fẹ́ lọ, bàbá mi kò ní dá a lóhùn. Tí ìkùnsínú náà bá pọ̀ jù, á gbójú sókè, á ní, "Ẹ jókòó, ìyá. Ìwé yìí ló ń lọ dípò yín. Ṣé ẹ fẹ́ kó wọlé tọ àwọn ènìyàn pẹ̀lú aṣọ yíya lára ni?" Ìyá náà á sì jókòó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún wa nílé. Bí a bá ṣe àpèkọ nílé ìwé tí a sì ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, olùkọ́ á nà wá tirẹ̀, a ó tún wá bá ti bàbá nílé.

Ibi tábìlì yìí ni sítáǹpù ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Faransé ni àwa ń pè é ní Kútọnu, ṣùgbọ́n màá pè é ní sítáǹpù kí ọ̀rọ̀ mi lè yé gbogbo yín. Ìwé kékeré aláwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpòòwé ni, láti fi hàn pé ẹ ti sanwó kí lẹ́tà yín lè lọ. Bí oníbàárà bá ti gbọ́ ohun tó wà nínú lẹ́tà rẹ̀, kò bìkítà fún àpòòwé mọ́, ẹ̀gbọ́n mi á sì tọrọ rẹ̀. Á gé igun tí sítáǹpù wà, á rẹ ẹ́ sínú abọ́ omi, á dúró títí gọ́ọ̀mù á fi yọ̀. Á wá fi ìka méjì fà á sókè jẹ́jẹ́, á da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí àkísà mímọ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa lé adìyẹ kúrò níbẹ̀. Bó bá gbẹ, abẹ́ ọlọ ìyá mi ló ń lọ kó lè tẹ́jú, ìgbà gbogbo sì ni ìyá mi ń pariwo pé òun fẹ́ lọ ata.

Ó ran ìwé kan fúnra rẹ̀ tó ń tò wọ́n sí. Sítáǹpù Sẹ̀nẹ̀gàl wà níbẹ̀, ti Faransé, ti Lẹ́bánónì, ti àwọn ìlú tí a kò mọ apá ibi tí wọ́n wà. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, ó ya ojú ewé sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní àṣìkọ. Ṣé ẹ rí i, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀pọ̀ sítáǹpù nígbà náà, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kò sì gbọ́ orúkọ ìlú tàbí odò wa rí. Orílẹ̀-èdè kan wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀ kí n má baà dá ìjà sílẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ olú ìlú rẹ̀ ní ìkọkúkọ, tí wọ́n sì ti tà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní ojú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé tí àwọn náà ń kó sítáǹpù jọ máa ń ju irú wọn nù, tàbí kí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí lójú wọn, ohun tó ní àṣìkọ ti bàjẹ́. Á gbà á, á tò ó sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Àbúrò, èyí tó dára wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Èyí tó ṣì kọ yìí, wọ́n ti yára kó o kúrò nílẹ̀. Díẹ̀ ló bọ́."

Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí ilé ìwé rẹ̀, ìbànújẹ́ kan ti ń rákò bọ̀ nínú ilé wa. Afárá ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́ bí a ti ń ṣe. Ó máa ń mú mi lọ sí etí ọ̀sà, á máa wo afárá tó lọ sí Akpakpa, á máa fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹrù ọkọ̀ ń tẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ilé ìwé tó ń kọ́ni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, agbára bàbá mi kò ká a. Gbogbo wa la mọ̀, a kàn ń wo ara wa lójú ni.

Àfi bí Ọlọ́run ṣe ṣe é tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀, òyìnbó kan tó ti ń dàgbà, fi jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn sítáǹpù. Nígbà tó gbọ́ irú àwọn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan nílùú òun, ọlọ́rọ̀, ti ń wá àwọn aláṣìkọ wọ̀nyẹn káàkiri. Bí wọ́n bá jẹ́ ojúlówó, òun á kó wọn ránṣẹ́ sí i, ọ̀rẹ́ náà á sì gbé ìnáwó ilé ìwé ẹ̀gbọ́n mi rù títí yóò fi jáde. Ó ní òun ń bọ̀ nílé wa ní ọjọ́ Àìkú, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí wọn kóun tó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ òun.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún bàbá, mò ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, olùkọ́ wa ń bọ̀ wá wo sítáǹpù mi lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní bí wọ́n bá tẹ́ òun lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ilé ìwé mi ti bùṣe. Àwọn tó fẹ́ rí gan-an ni..."

"Mo ti gbọ́," ni bàbá mi wí.

Nínú ilé wa, bí bàbá bá ti ní òun gbọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kì í ṣe pé ó bínú o. Inú rẹ̀ ló dùn ju kó lè dúró gbọ́ ìyókù lọ. Ó ti kọjú sí ìyá mi, ó ń bi í pé irú ẹja wo ni òyìnbó ń jẹ, ṣé ó lè jẹ àkàsà, àbí kí a wá búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé kò sí ewu. Ta ni ìbá rò ó?

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín tó ti ń pa rẹ́ báyìí. Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀ nílé wa, gbogbo ohun tó bá ní àbùkù là ń kó pamọ́. Abọ́ tó là létí, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, ẹní tó ti já, abẹ́ ibùsùn ni gbogbo wọn ń lọ. Wọn ò ní jẹ́ kí àlejò rí i, kó má baà lọ rò pé a kò kà á sí. Èmi fúnra mi ní egbò lójúgun lọ́sẹ̀ náà. Aṣọ tó balẹ̀ ni ìyá mi wọ̀ fún mi, ó sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sáré.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n mi lọ dúró de olùkọ́ rẹ̀ lójú títì, torí inú iyanrìn ni ọ̀nà ilé wa wà, kò sì ní àmì. Ìyá mi wà nídìí ẹja. Mo rí bàbá mi tó gbé ìwé sítáǹpù náà lọ síbi tábìlì tó ti gbé wálé láti ọjà nítorí àlejò, tó gbé awò sójú, tó ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orin wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá tí kì í kọrin! Ìyá mi wò ó láti ìdí ààrò, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwa méjèèjì rò pé ó ń gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni.

Nígbà tí àlejò dé, bàbá mi wọ agbádá funfun tó ń wọ̀ lọ kírun ọjọ́ iléyá. Ó fi Faransé rẹ̀ tó dán jùlọ kí òyìnbó, òyìnbó náà sì fi Yorùbá díẹ̀ tó gbọ́ kí i padà, a rẹ́rìn-ín, gbogbo nǹkan dùn. Wọ́n gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. Ó ń ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń yin ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń lọ. Ó dé ẹ̀yìn ìwé. Ó ṣí ewé kan, ó dá a padà, ó tún ṣí i. Àwọn òdòdó àti ẹyẹ Sẹ̀nẹ̀gàl ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n dáadáa, kò sí àyè kankan tó ṣófo.

Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Àwọn tó o sọ fún mi ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ń wo ojú ewé náà. Bàbá mi ló dáhùn, ó na ọrùn rẹ̀ sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi oyè dá lọ́lá. Ó ní, "Mọ̀síyè, mo ti kó gbogbo èyí tó ní àṣìkọ kúrò. Mo kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ mi kò ní fi ohun tó ní àbùkù han olùkọ́ rẹ̀ láéláé."

Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó wá wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín náà sì kú. Ó bèèrè ibi tí wọ́n wà. Bàbá mi, tí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò tíì yé, tọ́ka sí agbọ̀n tó wà lẹ́sẹ̀ tábìlì. Wọ́n wà nínú rẹ̀, wẹ́wẹ́, bí lẹ́tà oníbàárà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí ikú nínú ayé mi. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ. Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ rántí ìgbà tí ayé kọ́kọ́ dúdú lójú mi, ọjọ́ Àìkú yẹn ni mò ń rántí, nígbà tí òyìnbó náà kúnlẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi, tí àwọn méjèèjì ń ṣa bébà pélébé pélébé, tí wọ́n ń gbìyànjú láti to orí mọ́ ọrùn. Bàbá mi dúró lókè wọn nínú agbádá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá yé e, ó jókòó sórí àga oníbàárà. Òyìnbó náà tu ẹja díẹ̀ jẹ nítorí ìyá mi. Ó ní òun fúnra òun kì í ṣe olówó, pé láìsí sítáǹpù wọ̀nyẹn, òun kò ní ọ̀nà tí òun lè gbà bá ọ̀rẹ́ òun sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilé ìwé parí lọ́dún náà, ó padà sí ìlú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bínú síta. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Kò pariwo, kò sunkún, kò jẹ́ kí ìyá wa bẹ òun. Ó ń kí bàbá láàárọ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lé e. Ó lọ ń gbé ẹrù ní èbúté. Ọmọ tó fẹ́ ṣe afárá! Èjìká rẹ̀ kọ́kọ́ bó, lẹ́yìn náà ó le. Bàbá mi máa ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, bó bá sì rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á sá wọlé. Mi ò mọ èyí tí mo ṣàánú jù nínú wọn.

Iṣẹ́ bàbá mi náà kú lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè fa ìwé ya mọ́. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, á gbé kálàmù sílẹ̀, á máa wo ìwé náà, oníbàárà á jókòó títí, yóò sì dìde lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn yá dé ọjà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n gba gbogbo rẹ̀. Ẹ wò ó, ẹni tí kò fi àṣìkọ kan ránṣẹ́ rí láyé rẹ̀, bó ṣe parí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi bá ọkọ̀ lọ sí Àbíjáàn. Ó dágbére fún ìyá wa, ó fọwọ́ kan orí mi. Láti ibẹ̀, ó máa ń fi aṣọ àti ọṣẹ rán àwọn oníṣòwò sí ìyá mi, ṣùgbọ́n kò kọ̀wé sílé rí, kò sì rán ẹnikẹ́ni sí bàbá. Bàbá mi ló ń kọ̀wé sí i. Á jókòó sídìí tábìlì yẹn, ó ti di ti inú yàrá nígbà náà, á kọ ọ́ lọ́wọ́ dáradára, á lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, á sì gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mo ti dàgbà tó láti mọ Faransé kà, ó sì jẹ́ kí n ka ọ̀kan. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ọmọ mi, ojú ni kò jẹ́ kí n ríran." Kò sí èsì. Bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ọ́ títí àìsàn fi gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kú, a ránṣẹ́ sí Àbíjáàn. Owó ìsìnkú dé. Ọmọ kò dé.

Àwọn ọmọ ọmọ mi kò mọ sítáǹpù. Mo fi ọ̀kan han èyí tó ń kàwé ní Abomey-Calavi, ó bi mí bóyá ohun ọ̀ṣọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà ló bá mi fi ẹ̀gbọ́n mi sórí fóònù. Ó ṣì wà láyé, ó ti di arúgbó bíi tèmi. Obìnrin Akpakpa kan tó ń ná ọjà Àbíjáàn ló gba nọ́ńbà rẹ̀ wá. Ọmọ náà kọ́ mi bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, tí èèyàn á fi sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, tí ohùn á sì lọ. Mo kí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni, àbúrò yín. Ìyá ti lọ, Bàbá ti lọ, àwa méjèèjì ló kù. Bàbá ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ìfẹ́ yín ló fi ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dárí jì í." Ọmọ náà ní kí n wo àmì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé bó bá ti di búlúù, a jẹ́ pé ó ti gbé e sétí. A jókòó tì í. Ó di búlúù. A ń retí, a ń retí, títí ọmọ náà fi ní òun fẹ́ lọ kàwé.

Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi pé ayé ti dẹrùn, pé ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láyé wa kò gba ìṣẹ́jú kan mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà ayé bàbá mi, lẹ́tà lè rì sínú omi òkun, òjò lè pa á, ó lè sọnù lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in. Títí tó fi kú ló ń sọ pé àwọn tó ń gbé lẹ́tà ni kò jẹ́ kí tòun dé, ìyá mi á sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò ṣe dáadáa. Ó rí ẹni dá lẹ́bi, ó fi ìyẹn sùn. Ta ni kí èmi dá lẹ́bi? Láàárọ̀ yìí mo tún sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo sọ fún un pé ara mi kò yá, pé mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ti gbé e sétí kí ẹ̀kọ gbígbóná tí mò ń mu tó tutù. Kò sọ nǹkan kan.